Àgùntàn Wattie Lójú Irin

Agbo àgùntàn Wattie Geddes kú lọ súà lójú irin. Rélùwéè òwúrọ̀ tó ń lọ sí Glasgow ló tẹ̀ wọ́n pa. Ajá rẹ̀ tó sáré lọ dá wọn padà náà bá a lọ. Ó mà ṣe o!

Wattie ò sùn sílé lóru náà; ó lọ sọ́jà àgùntàn ní Lanark. Nígbà tó dé, ẹrẹ̀ ló kúnlẹ̀ sí.

Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá, Ailsa Rennie, tọ ipa ẹsẹ̀ àwọn ẹran náà. Géètì oko Wattie ni wọ́n gbà jáde. Síbẹ̀, ó bá géètì ní títì, ìkọ́ rẹ̀ há dáadáa.

"Fairlie ni!" Wattie pariwo. "Ó ti kọ́lé yí mi ká. Ilẹ̀ tèmi nìkan ló kù!"

Fairlie, agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́lé náà, wọlé. Ó fi géètì sílẹ̀ gbayawu. "Ilẹ̀ ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ ẹ̀jẹ̀."

Tulloch, ará ilé tuntun tó máa ń fẹjọ́ òórùn àgùntàn sùn, tẹ̀ lé e. Òun náà ò ti géètì. "Òórùn ni mo ní kí ẹ bá mi lé, Sájẹ́ǹtì. Èmi gan-an wà nínú rélùwéè yẹn!"

Nígbà náà ni Isa, ìyàwó Wattie, gbé tíì dé. Ọwọ́ rẹ̀ kún, síbẹ̀ ó fi ìdí ti géètì pa, ó fi ìka kan há ìkọ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ wò ó.

Ailsa yíjú sí i. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

"Màmá, ẹni tó tú ẹran yẹn sílẹ̀ ti géètì padà. Àlejò ò ní rántí. Bàbá ò sí nílé. Ẹ̀yin ló kù."

Tíì dà nù.

"Mo ní kí wọ́n lọ jẹ òdòdó àwọn ará ilé tuntun ni. Kí wọ́n pariwo, kó sú Wattie, kó ta ilẹ̀, ká lọ bá Jean ọmọ wa. Mi ò mọ̀ pé àwọn kọ́lékọ́lé ti wó ọgbà ẹ̀gbẹ́ irin."

"O ò sọ fún mi!" ni Wattie wí.

"Ọdún wo ni mi ò sọ? Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ti kó lọ. Àwọn tó dé, rélùwéè a gbé wọn lọ láàárọ̀, a dá wọn padà lálẹ́. Kò sẹ́ni tó ń kí mi, Wattie. Ìwọ náà, àgùntàn lò ń bá sọ̀rọ̀."

Wattie wò ó títí. "Isa, ìwọ lo fi ìgò wàrà tọ́ ìdajì wọn."

"Mo mọ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹkún ò jẹ́ kó pè wọ́n tán.

Wattie gbé ṣọ́bìrì, ó ń lọ sin wọ́n. Isa tẹ̀ lé e.

"Jọ̀wọ́," ni Wattie wí, kò bojú wẹ̀yìn, "má bọ̀."