Ìwé Tó Sọnù Nílé Ọ̀fọ̀

"Wọ́n ní bàbá náà ló..."

"Ló ṣe kí ni?"

"Wọ́n ní kó tó kú ló ti sọ pé ọmọ òun ò gbọdọ̀... Ẹ gbà mí o, èmi ò sí níbẹ̀."

"Àbí ẹ ò rí i pé ìwé náà kàn fúnra rẹ̀..."

Bí àwọn obìnrin tó ń pọnmi ṣe rí Veronica, wọ́n gbé garawa omi wọn, wọ́n lọ. Ọlọ́pàá ni Veronica ní Ọ̀wọ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni olóògbé Christopher tí wọ́n sin ní Ìdògún ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́dún 1993. Òun fúnra rẹ̀ ló wé rósárì mọ́ òkú náà lọ́wọ́, rósárì onígi tí bàbá fi òwú pupa so níbi tó já.

Ní ọjọ́ ìsìnkú náà gan-an ni ìwé ẹ̀rí Dókítà Olúyọmí, ọmọ olóògbé, pòórá. Ilé ìwòsàn kan ní Kútọnu ti gbà á láti wá kọ́ iṣẹ́ abẹ fún ọdún mẹ́rin. Bí kò bá gbé ojúlówó ìwé dé ibẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ẹlòmíràn ni wọn yóò fún láyè. Ọjọ́ Ẹtì nìyí.

Veronica yẹ àpótí onírin tí Olúyọmí kó ìwé náà sí wò. Wọn kò já a. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀ digbí.

"Olè wo ló ń fowó sílẹ̀ kó bébà? Níbo lo ń fi kọ́kọ́rọ́ sí?"

"Orí ìṣó, lẹ́yìn ilẹ̀kùn," ni Olúyọmí wí. "Àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú ni mo rí ìwé náà kẹ́yìn. Nígbà tí a ti ibojì dé, kò sí mọ́."

Veronica pe Ṣéhù, dókítà ẹlẹgbẹ́ Olúyọmí.

"Ẹ jọ ṣe ìdánwò Kútọnu ni?"

"A jọ ṣe é. Wọ́n mú un, wọn ò mú mi."

"Ó dùn yín?"

"Ó dùn mí dé egungun, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wa bàjẹ́ lọ́nà. Ibi ibojì ni mo ti bá wọn. Ẹ bi àlùfáà."

Àlùfáà ní òótọ́ ni.

Ó kan Ambrose, gbẹ́nàgbẹ́nà.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kan ìdérí pósí yẹn pa."

"Ẹ̀ẹ̀mejì kẹ̀!"

"Ìyá Yọmí ní kí n tún un ṣí, àwọn fẹ́ rí ojú ọkọ àwọn. Mo bọ́ síta. Ṣé kí n máa wo opó lẹ́nu ni? Pákó ni mò ń kàn, n kì í ṣòfófó."

 Veronica wọ yàrá Theresa, opó náà, Olúyọmí sì tẹ̀ lé e. Obìnrin náà jókòó sórí ẹní, ó ń ka rósárì. Òwú pupa wà lára rẹ̀.

"Màmá, èmi ni mo wé eléyìí mọ́ bàbá lọ́wọ́. Kí lẹ fi rọ́pò rẹ̀?"

Theresa kò gbójú sókè.

"Ọwọ́ òkú ò gba méjì," ló wí.

Olúyọmí di férémù ilẹ̀kùn mú. "Màámi!"

"Èmi ni. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá bàbá rẹ wólẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè ìwé yẹn. O ò tíì gbé e ti Ọ̀wọ̀ dé tí wọ́n fi lọ. Mo ní kí n fi lé wọn lọ́wọ́ nínú pósí fún ìgbà díẹ̀, kí n sì mú un padà. Nígbà tó di mímú, ọwọ́ mi kọ̀. Ọkọ ti lọ, ọmọ náà tún ń lọ. Mo ní kí wọ́n bá mi dì í mú."

 Kí ilé ẹ̀kọ́ tó tẹ ìwé ẹ̀rí mìíràn, ó di oṣù mẹ́fà.

"N ò ní wú òkú bàbá mi jáde," ni Olúyọmí wí nígbẹ̀yìn. "Kí Ṣéhù kọ̀wé sí wọn. Bóyá wọ́n á mú òun." Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. "Kí ni wọ́n sọ gan-an, Màámi? Ẹ má yọ ẹyọ kan kúrò."

Omi ń dà lójú Theresa.

"Wọ́n ní: 'Ìyá Yọmí, jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìwé ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kan. Kí o sì dá a padà fún un o. Má fi mí dí i lọ́nà.'"