Epo Dì Nínú Ìgò

"Fàthíà, ó tún ti dàrú o," Súmbọ̀ sọ, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: lẹ́yìn tí àga yí nígbà mẹ́rìnlá.

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ti bàbá Fàthíà ní Ìkòtún ni wọ́n wà. Orí àga tó ń yí po, tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, ni wọ́n gbé abọ́ omi lé. Wọ́n á da zóbò oníyọ̀ sí àárín omi náà, wọ́n á rọra máa yí àga. Ààjà omi ni wọ́n fẹ́ fi hàn níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ ilé-ìwé, ìyẹn omi tó ń yí po lójú òkun, tó ń gbé omi gbígbóná àti iyọ̀ láti òkun kan lọ sínú òmíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ṣe ni zóbò ń já kúrò létí, tó ń pò mọ́ omi yòókù.

Àwọn tó bá borí yóò bá àwọn onímọ̀ wọ ọkọ̀ lọ sójú òkun. Èkó ni wọ́n bí Súmbọ̀ sí, kò sì tíì fojú kan òkun rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, Fàthíà da zóbò inú ìgò rọ́bà wọn nù, ó rọ epo pupa sínú rẹ̀. Ó ti dán an wò: epo kì í pò mọ́ omi. Kò sọ fún Súmbọ̀.

Ẹ̀rọ amúlétutù ti mú kí gbọ̀ngàn ìdíje tutù bí yìnyín. Nígbà tó kàn wọ́n, Fàthíà dojú ìgò délẹ̀, nǹkan kan ò jáde. Ó fún ìgò náà pọ̀, odidi epo dídì kan sì já sínú omi.

"Kí nìyí?" Ìyáàfin Títílọpẹ́, adájọ́ ìdíje, béèrè.

"Zóbò la máa ń lò, mà," Súmbọ̀ dáhùn. Ojú Fàthíà ló ń wò.

Ìyáàfin náà ka ìwé Súmbọ̀ tán pátá. "Ààjà omi máa ń já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ létí bó ṣe ń lọ. Ẹ ti rí i, ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ wá lọ fi epo bò ó. Ìwé yìí nìkan ì bá gbé yín borí." Ó fa igi lé orúkọ àwọn méjèèjì.

Bàbá Fàthíà, tó ti ṣọ́ọ̀bù pa láti bá wọn gbé àga wá síbẹ̀, gbé àga rẹ̀ lé èjìká. "Irọ́ ò kúkú pẹ́ kó tó tú lónìí," ló sọ.

Nígbà tí wọ́n padà dé Ìkòtún, Súmbọ̀ ki ìwé rẹ̀ bọ abíyá. "O ò tiẹ̀ bi mí, Fàthíà," ó sọ, ó sì gba ilé lọ.

Ẹ̀rí ọkàn ń da Fàthíà láàmú. Ó ti yé e pé iṣẹ́ òtítọ́ tó ní àbùkù sàn ju èyí tí a fi irọ́ tún ṣe lọ, àti pé ẹni tó bá ṣe màgòmágó kì í dá ìyà rẹ̀ jẹ. Súmbọ̀ ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ òun náà pàdánù òkun.