Ìwé Ilẹ̀ Inú Bíbélì

"Bàbá, ṣé kì í ṣe ilẹ̀ Màmá Oakes lẹ ní kí n kọ síbí yìí?"

Késíà, tó máa ń bá bàbá rẹ̀ kọ ìwé, gbé kálàmù sílẹ̀. Lọ́yà ni Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, bàbá rẹ̀. Ilẹ̀ rírà sì ni iṣẹ́ kejì rẹ̀. Nínú ìlú kékeré etí odò Ohio ní Amẹ́ríkà yẹn, ta ni kò mọ̀ pé ìdajì ìlú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di tirẹ̀?

"Òun ni. Rélùwéè ń gba ibẹ̀ bọ̀, ilẹ̀ náà á gbówó lórí. Ọkọ wọn ra ilẹ̀ yẹn lóòótọ́, àmọ́ kò mú ìwé ẹ̀ lọ sí kóòtù rí. Ọmọ ẹni tó tà á ti gbà láti tún un tà fún mi. Ìwé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé kóòtù lòfin mọ̀. Lọ́la ni mò ń lọ."

"Ṣé ìyẹn wá dáa, Bàbá?"

"Òfin ni mo sọ fún ẹ. Kọ̀wé ẹ, jàre."

Bàbá yìí ló ń di irun fún un láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ṣé òun ni yóò wá tako ó? Ṣùgbọ́n ibo ni Màmá Oakes, opó tí kò ní ẹnì kan, fẹ́ forí lé? Nígbà tí bàbá rẹ̀ jáde, Késíà sáré lọ bá Màmá Oakes níbi tó ti ń bó èso ápù.

"Màmá, níbo nìwé ilẹ̀ yín wà?"

"Inú Bíbélì ni. Olè wo ló máa ṣí Bíbélì?" Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ mú un, ẹ wọ bàtà yín. Kóòtù là ń lọ."

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Ẹ má bi mí, Màmá. Ẹ ṣáà wọ bàtà."

Kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ náà tó lù, akọ̀wé kóòtù ti kọ ilẹ̀ náà sínú ìwé ńlá lórúkọ Màmá Oakes.

Késíà fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ nílé. Bàbá rẹ̀ ò nà án, kò bú u. Ó kàn gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, yàtọ̀ sí pé ó ń dáhùn "ẹ káàárọ̀" tí Késíà ń kí i, kò bá a sọ̀rọ̀ kankan. Ó dun ọmọ náà dé egungun.

Lọ́jọ́ kẹrin, Màmá Oakes gbé páì ápù wá. "Lọ́yà, ẹ bá mi bi ọmọ yín ohun tó lé wa dé kóòtù o. Mo bi í títí, ó ní kò sí nǹkan."

Ọ̀gbẹ́ni Pruitt wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì tú àṣírí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni! Ojú ti bàbá náà gan-an. Nígbà tí ìyá náà lọ, ó fi kálàmù lé Késíà lọ́wọ́.

"Látòní lọ, ìwọ ni wàá máa kọ́kọ́ ka ìwé tí mo bá fẹ́ fọwọ́ sí. Èyí tí kò bá dáa níbẹ̀, má kọ ọ́."

Késíà rọ̀ mọ́ ọn, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ bá fẹ́ràn òbí yín dénú, ẹ má bá wọn lọ́wọ́ sí ohun tí kò tọ́. Ẹ dá wọn dúró, ṣùgbọ́n ẹ má ba iyì wọn jẹ́ lójú ayé.