Ọjọ́ Tí Oyíndà Ní Kó Máa Lọ

Ọ̀rá tí àwọn obìnrin fi ń bo irun bí wọ́n bá ń wẹ̀ ni ọmọbìnrin náà dé sórí, tó ń sáré bọ̀ nínú òjò ní Phoenix Park, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan ní Dublin, tó sì ń fi Yorùbá bú òjò náà. Àwọn àgbọ̀nrín tó sá sábẹ́ igi pàápàá ń wò ó. Olúníyì tó ń sáré bọ̀ lódìkejì yí padà, ó sì tẹ̀ lé e.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé inú ilé ìwẹ̀ lẹ ti sáré jáde ni?"

"Irun tí mo fi wákàtí mẹ́fà jókòó ṣe lánàá ni," ó dáhùn láìdúró. "Bí ẹ bá ní agboorùn, ẹ gbé e wá. Bí ẹ ò bá ní, ẹ fi mí sílẹ̀."

Kò ní agboorùn, kò sì fi í sílẹ̀.

Oyíndà lorúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, kò tíì pé ọdún méjì tó ti Ìjẹ̀bú-Igbó dé, yàrá kan ló sì háyà ní Phibsborough. Olúníyì ní tirẹ̀ ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e wá tọrọ ààbò ní Ireland. Huntstown ló dàgbà sí, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Finglas ló sì ti ń ṣiṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò pa Sátidé kankan jẹ. Bí Olúníyì bá ti sá ṣíwájú, Oyíndà á fa ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ọ̀gá àgbọ̀nrín, ta ló ń lé ẹ?"

"Ìfẹ́ mi, má bínú. Ẹsẹ̀ yìí ni kì í gbọ́ràn."

Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó ìjọba. Ṣùgbọ́n bàbá Oyíndà, Alàgbà Gbólúwaga, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kò súre fún wọn.

"Mi ò bá ẹ jà," ó sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. "Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó dàgbà síbẹ̀ yẹn, tara wọn nìkan ni wọ́n mọ̀. Ọjọ́ tí nǹkan bá le, ṣé yóò dúró tì ẹ́?"

Oyíndà ò jiyàn. Nígbà tí àwọn méjèèjì forúkọ sílẹ̀ fún maratóónì Dublin, máìlì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n àti díẹ̀, ó fi líǹkì tí bàbá rẹ̀ yóò fi máa rí orúkọ wọn àti ibi tí wọ́n sáré dé lórí fóònù ránṣẹ́ sí i. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ohun tí tọkọtaya jọ sọ kò ju pé ẹ̀gbẹ́ ara wọn làwọn yóò wà títí dé òpin.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Àfi bí wọ́n ṣe kọjá máìlì ogún tí orúnkún Oyíndà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tó ń tiro. Olúníyì yọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ wò. Bó bá ń bá eré náà lọ bẹ́ẹ̀, kò ní lò tó wákàtí mẹ́rin, ohun tó ti ń lé láti ọdún mẹ́ta. Oyíndà rí i bó ṣe wò ó.

"Máa lọ," ó ní.

"Ó dá ẹ lójú?"

"Máa lọ, jàre. Màá bá ẹ níbẹ̀."

Ó fẹnu kò ó níwájú orí, ó sì lọ.

Wákàtí mẹ́ta àti iṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fi mẹ́dàlì han ẹni tí kò mọ̀ rí. Ibẹ̀ ló wà tí fóònù rẹ̀ dún. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ni, tí kò pè é rí.

"Ẹ káàsán, sà."

"Níbo ni ọmọ mi wà?"

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn, sà."

"Mo ti ń wò yín láti àárọ̀. Orúkọ yín ń lọ pọ̀, inú mi sì ń dùn. Nígbà tó yá, ọ̀kan lọ, èkejì dúró."

Bàbá náà ò pariwo. Ì bá sàn fún Olúníyì ká ní ó pariwo.

Ó yí padà, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ létí ọ̀nà, gbogbo ayé ń bọ̀, òun ń lọ. Ó rìn tó wákàtí kan kó tó rí i. Oyíndà ń fẹsẹ̀ kan wọ́, ó fara ti obìnrin òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Ruth, tó pa eré tirẹ̀ tì nítorí rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ọ́?" Ruth bi í.

"Ọkọ rẹ̀ ni mí."

Ruth wo mẹ́dàlì ọrùn rẹ̀. "Grand," ó ní, bí àwọn ará Ireland ṣe máa ń sọ pé ó dáa, ó sì gbójú kúrò.

Dókítà sọ pé nǹkan ti ya nínú orúnkún náà, pé eré ọ̀nà jíjìn ti tán fún un. Nígbà tí wọ́n délé, ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kí Olúníyì sinmi.

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n máa lọ?"

"Mo sọ ọ́," Oyíndà ní. "Mi ò rò pé wàá gbà ni."

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló dun Olúníyì jù.

Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó pe Alàgbà Gbólúwaga. "Mi ò pè láti tọrọ ìre, sà. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ni. Mo fi í sílẹ̀." Ẹkún gbà á lẹ́nu.

Bàbá náà ní, "Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ń rọbí rẹ̀, ó ní kí n máa lọ síbi iṣẹ́, pé kò séwu. Mo lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé, kò fi bú mi rí. Èmi náà ò sì gbàgbé."

Ní Oṣù Kejìlá, nínú pálọ̀ ìyá Olúníyì ní Huntstown, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú kọ̀ǹpútà tí ojú àwọn àna rẹ̀ hàn nínú rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ sọ fún ọmọ mi?" Alàgbà bi í.

"Bó bá tún ní kí n máa lọ, sà, mi ò ní gbọ́."

Oyíndà bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì, ẹ̀rín náà sì di omijé. "Alágídí ọkọ mi. Dìde, eruku kápẹ́ẹ̀tì ti kún ẹ lẹ́nu."

Bàbá súre. Gbogbo wọn ṣàmín.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Oyíndà dúró sinmi lára ọgbà ẹnì kan.

"Ó ku máìlì márùn-ún péré ká jọ parí maratóónì yẹn," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Ì bá dùn o, Níyì."

Olúníyì ki apá bọ abẹ́ apá rẹ̀, wọ́n sì ń rọra rìn lọ. Bọ́ọ̀sì tí wọn ì bá wọ̀ kọjá lára wọn. Wọ́n dúró de òmíràn.