Owó Orí Wa Ga, Ilé Ìwòsàn Wa Sì Tì

Halvar kò tíì mu kọfí rẹ̀ dé ìdajì tó fi lu tábìlì. Lẹ́tà owó orí ọdún tuntun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gunvor, wá wò ó! Wọ́n tún ti fi kún un. Nínú ọgọ́rùn-ún kúrónà tó bá wọlé fún mi, márùndínlógójì ni wọ́n á máa gbà."

Ìyàwó rẹ̀ ń gé búrẹ́dì lọ́wọ́. "Rọra o, ọkọ mi. Lẹ́tà kì í gbọ́ ariwo."

"Àbúrò rẹ tó ń gbé lẹ́bàá olú ìlú ní Stockholm ńkọ́? Èló ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òun?"

"Ó ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

"Ilé ìwòsàn ńlá sì wà lẹ́yìn ilé rẹ̀! Àwa tá à ń san jù, kí la ní? Igi!"

Gunvor rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Gbogbo wa ní Tallånger la ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ti ilé ìwòsàn kékeré tó wà lábúlé wa. Òun nìkan la ní.

Ní Ọjọ́bọ̀, a kún inú bọ́ọ̀sì méjì, ó di gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀. A pariwo títí ohùn wa fi há. Ohùn Halvar ló ròkè jù. "Owó orí wa dà? Ẹ ti gbé e mì!" Alága fẹ́ sọ̀rọ̀, a kò jẹ́ kó sọ ọ́ délẹ̀. A padà sílé bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Lọ́jọ́ kejì, Ingegerd yà sílé Halvar. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe nọ́ọ̀sì lágbègbè wa kó tó fẹ̀yìn tì.

"Ta lẹ lọ bá?"

"Ìjọba ìbílẹ̀ ni," Halvar dáhùn, ó na àyà.

Ingegerd di orí mú. "Yéè! Ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn lẹ lọ kàn. Nínú márùndínlógójì yẹn, bíi mẹ́tàlélógún ló ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́, ìtọ́jú arúgbó àti kíkó yìnyín kúrò lọ́nà, tiwọn nìyẹn. Méjìlá yòókù, ìjọba ẹkùn tó kó ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ pọ̀ ló ń gbà á. Àwọn ló ni ilé ìwòsàn, àwọn ló sì fẹ́ tì í. Oṣù méjì ni wọ́n fi sílẹ̀ kí ará ìlú kọ̀wé. Ó parí ní Jímọ̀ tó kọjá. Lẹ́tà mẹ́rin péré ló dé ọ̀dọ̀ wọn láti abúlé wa, tèmi sì wà nínú ẹ̀. Ṣé ẹ ò rí ìkéde tí mo lẹ̀ mọ́ ara ilé ìtajà ni?"

"Mo rí i," Gunvor sọ jẹ́jẹ́. "Mo rò pé ti tẹ́tẹ́ bíńgò ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Halvar bi Ingegerd pé, "Kí ló dé tí tiwa fi pọ̀ ju tàwọn ará Stockholm lọ? Ṣé wọ́n ń jí i ni?"

"Ẹnì kankan ò jí i. Àwa la ò pọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ, àwa arúgbó ló kù, ọ̀nà wa sì jìn. Ẹrù tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń gbé lọ́hùn-ún, ènìyàn mẹ́wàá ló ń gbé e níbí. Lóòótọ́ làwọn ìlú tó lówó ń fi díẹ̀ ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ kò tó."

Oṣù kìíní ni wọ́n ti ilé ìwòsàn náà, wọ́n sì gbé áńbúláǹsì tó wà níbẹ̀ lọ.

Ní oṣù kẹta, láago mẹ́wàá òwúrọ̀, Halvar ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín lójúde nígbà tí apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ. Gunvor bá a nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó pe áńbúláǹsì. Wọ́n ní èyí tó sún mọ́ wọn jù wà ní àádọ́fà kìlómítà. Ó jókòó sínú yìnyín, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan. "Wọ́n ń bọ̀," ló ń wí. "Wọ́n ti ń bọ̀." Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ló fi wí bẹ́ẹ̀.

Halvar kò kú. Àmọ́ dókítà ní ìtọ́jú tó yẹ kó tètè gbà ti pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀: "Rárá." Ebi ń pa á, "Rárá." Oorun ń kùn ún, "Rárá." Ìyàwó rẹ̀ wọlé, omi bọ́ lójú Halvar, "Rárá."

"Ẹ̀gbọ́n," Gunvor bi Ingegerd, "ká ní a kọ̀wé ńkọ́?"

Ingegerd di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Wọn ì bá ṣì tì í náà. Abúlé tó wà nísàlẹ̀ odò kọ ọ̀ọ́dúnrún lẹ́tà, wọ́n ṣì ti tiwọn. Àmọ́ wọ́n fi áńbúláǹsì kan sílẹ̀ fún wọn."

Gunvor fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Ẹ̀yin ará, ẹ má wo iye tó wà nínú lẹ́tà owó orí yín nìkan. Ẹ wo ẹni tó ń gbà á àti ohun tó yẹ kó fi ṣe. Kẹ́ ẹ tó lọ pariwo, ẹ béèrè ẹni tó ni ohun tẹ́ ẹ fẹ́ pàdánù. Ẹ ka ìkéde, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé kí ọjọ́ tó pé. Ní oṣù kẹsàn-án, oríṣi ìwé ìdìbò mẹ́ta lẹ máa mú: aláwọ̀ ìyeyè ti gbogbo orílẹ̀-èdè, funfun ti ìjọba ìbílẹ̀, búlúù ti ìjọba ẹkùn. Ti ìyeyè ni ọ̀pọ̀ wa máa ń rò. Inú búlúù ni ilé ìwòsàn wà.

Ilé ìwòsàn ti Tallånger ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Tiyín kò tíì bọ́.