Ìyarun Tí Omi Ò Gbọdọ̀ Kàn

Ọ̀rẹ́ mi, jókòó díẹ̀. Ìtàn yìí kò gùn. Ó máa dùn ọ́, ṣùgbọ́n ayọ̀ ń bẹ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí omi tútù ṣe ń bẹ ní ìsàlẹ̀ kànga. Bá mi fà á dé òkè.

Obìnrin kan wà tó ń dìrí. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì rọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé fi máa ń sùn lọ lórí àga kó tó dìrí wọn tán. Ọwọ́-Òwú ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì: dígí ńlá kan tí igun rẹ̀ ti sán, àga mẹ́ta, bẹ́ǹṣì kan fún àwọn tó ń dúró de ara wọn, àti aṣọ funfun kan tó máa ń so mọ́ oníbàárà lọ́rùn.

Ìgbéraga rẹ̀ kò kéré. Á fọwọ́ mú ìbàdí, á ní, "Ẹni tó bá gbé orí ẹ̀ lọ síbòmíràn, ṣe ló fẹ́ kí wọ́n bá òun fá a." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ó ní àṣírí kan. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oníbàárà ò wá. Eṣinṣin ló ń bá jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Ó wá tọ ọkùnrin kan lọ tó ń ta àwúre. Ọkùnrin náà gba ìyarun onígi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi nǹkan dúdú kan ra á láti orí dé ìdí, ó sì wé òwú pupa mọ́ ọn.

Ó ní, "Orí tó bá jókòó síwájú rẹ, fi èyí kàn án. Èrò á máa wọ́ tọ̀ ọ́. Àmọ́ omi ò gbọdọ̀ kàn án. Ọjọ́ tí omi bá kàn án, àwọn oníbàárà rẹ bá omi lọ nìyẹn."

Odindi ọdún mẹ́sàn-án ni Ọwọ́-Òwú fi pa òfin yẹn mọ́. Ó ń fọ àwọn ìyarun yòókù, ó ń fọ tówẹ́ẹ̀lì, ó ń nu dígí. Ìyarun onígi yẹn nìkan ni kì í fọ̀. Òun náà ló sì fi ń la irun gbogbo ẹni tó bá jókòó, láti orí kan bọ́ sí òmíràn. Èrò ń wá lóòótọ́. Kò rò ó rí pé bóyá ọwọ́ tó rọ̀, tí Ọlọ́run fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ wá.

Ó ń lọ sílé ìjọsìn o! Iwájú ló ń jókòó, àmín rẹ̀ ló sì ń ròkè jù. Ṣùgbọ́n ìyarun ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Baba ọmọ náà ti kú kí wọ́n tó gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ohùn rẹ̀ sì máa ń lọ sílẹ̀ tó bá ń sọ̀rọ̀, ni wọ́n bá ń pè é ní Jẹ́jẹ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ìyá ń fi ìyarun onígi yẹn ya irun ọmọ kó tó lọ sílé ìwé.

Jẹ́jẹ́ ní, "Màmá, orí ń yún mi. Nǹkan ń rìn níbẹ̀."

"Nǹkan wo ló ń rìn? Jókòó dáadáa jàre."

Ó la irun náà lẹ́yìn etí, ó sì rí i. Kòkòrò kékeré báyìí, kò tó hóró ọkà bàbà, ó láwọ̀ eérú, ó di irun mú, ó sì yára sá wọ inú òkùnkùn irun lọ. Ní ìdí irun, àwọn nǹkan funfun tò bí èépá orí, ṣùgbọ́n nígbà tó fi èékánná ta wọ́n, wọn ò já bọ́. Wọ́n lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ẹyin ni. Iná orí ni.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró gbagidi sínú irun.

"Màmá, kí ni?"

"Ìdọ̀tí lásán ni. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o! Àbí o fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni?"

Ó so gèlè kékeré mọ́ ọmọ náà lórí, ó sì lé e lọ sílé ìwé. Ìwọ tó ń kàwé yìí, iná orí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Orí tó mọ́ ń ní in, orí tí kò mọ́ ń ní in. Ká ní ó gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìtàn yìí ì bá ti parí síbẹ̀, ẹ̀rín ni à bá sì fi parí rẹ̀.

Nígbà tó di Sátidé, ṣọ́ọ̀bù kún. Alágbàfọ̀ kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Opó ni, òun ló ń fọ aṣọ ibùsùn fún ọsibítù, ọṣẹ sì ti jẹ gbogbo orí ìka rẹ̀ funfun. Ọmọ rẹ̀ àti Jẹ́jẹ́ jọ ń jókòó lórí àga kan náà nílé ìwé. Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò kíláàsì wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ni ìyá bá tu owó jọ kí irun ọmọ òun náà lè wuyì fún ìgbà kan. Ọmọ náà ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọwọ́-Òwú so aṣọ funfun mọ́ ọn lọ́rùn, ó mú ìyarun, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ti dì í dé ìdajì nígbà tí obìnrin aránṣọ kan tó wà lórí bẹ́ǹṣì na ìka.

"Ọwọ́-Òwú, kí ló ń rìn lórí aṣọ funfun yìí?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú síbẹ̀. Wọ́n wò ó, ó ń rìn lóòótọ́.

Ọwọ́-Òwú mọ̀ ọ́n. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló ti mọ̀ ọ́n lẹ́yìn etí ọmọ tirẹ̀. Ó mọ̀ pé láti ara ìyarun ọwọ́ òun ló ti já bọ́. Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ: "Ẹ jọ̀ọ́, ilé mi ló ti wá." Ṣùgbọ́n ìgbéraga ti dé ẹnu kí òótọ́ tó dé ibẹ̀. Ó fò sẹ́yìn.

"Yéè! Iná orí! Ìyá alágbàfọ̀, kí lẹ gbé wọ ṣọ́ọ̀bù mi? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fọ ti gbogbo ayé, ẹ ò rí orí ọmọ yín fọ̀!"

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù náà rín in. Ọwọ́-Òwú já aṣọ funfun kúrò lọ́rùn ọmọ náà, ó sì tì í dìde pẹ̀lú irun ìdajì.

Ọmọ náà ní, "Màámi, mo fọ orí mi lánàá. Ẹ sọ fún wọn."

Alágbàfọ̀ kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wo ìyarun dúdú tó wà lọ́wọ́ onídìrí, ó wò ó fínnífínní. Ó tú gèlè orí ara rẹ̀, ó fi wé orí ọmọ náà, ó ní, "Ó dáa, Ìyá Jẹ́jẹ́." Wọ́n sì jáde.

Ọmọ alágbàfọ̀ kò ya fọ́tò lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n ti ń pè é ní Oníná-Orí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ó yíjú padà, kò sì lọ mọ́.

Nílé Ọwọ́-Òwú, ìyún orí Jẹ́jẹ́ ń pọ̀ sí i. Ó ti họ ọ́ títí ó fi di egbò. Ṣùgbọ́n báwo ni ìyá rẹ̀ ṣe fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù? Oníbàárà rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Ariwo tó fi ẹnu ara rẹ̀ pa ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ó rántí ìgò kékeré kan tó wà lábẹ́ àpótí, oògùn tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sí kòkòrò lóko. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó jókòó sílé, kò lọ síbi ìjọsìn. Ó da oògùn yẹn sí ọmọ rẹ̀ lórí, ó fi ra gbogbo egbò, ó fi ọ̀rá bò ó, ó sì so gèlè lé e.

"Màmá, ó ń ta mí."

"Fara dà á, ọkọ mi. Tó bá máa fi di ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn á ti kú."

Kí ìrọ̀lẹ́ tó dé, itọ́ ń dà lẹ́nu ọmọ náà, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, mímí sì ń ṣòro fún un. Ọwọ́-Òwú gbé e pọ̀n, ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ti gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá ìyá ní orúnkún, ó sì sáré lọ sí ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì tú gèlè, ó gbóòórùn rẹ̀. "Kí lẹ fi sí i lórí?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ìyá Jẹ́jẹ́, inú ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ sọ yìí ni ẹ̀mí ọmọ yín wà. Kí lẹ fi sí i?"

Síbẹ̀ ó fi àkókò ṣòfò, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́, ìka ọwọ́ ọmọ náà ti tutù. Wọ́n sáré fọ orí rẹ̀, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n tẹ́ ẹ sí wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sí pẹpẹ kan, omi sì wà lójú rẹ̀. "Oògùn iná orí nìyẹn, Ìyá Jẹ́jẹ́. Òun àti ìyarun eléyín kéékèèké àti sùúrù, ó ti tán."

Ní ọjọ́ kẹta, alágbàfọ̀ wá kó aṣọ ibùsùn bó ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́-Òwú rí i láti òkèèrè, ó kọjú sí ògiri. Ó ń retí èébú. Ó tọ́ sí i.

Alágbàfọ̀ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó fọ ọwọ́, ó gba ìyarun lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó jókòó sétí ibùsùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tí ọṣẹ ti jẹ la irun Jẹ́jẹ́, ó ń yọ ẹyin iná ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń kọrin lábẹ́ ohùn:

"Wẹ̀ mí, Jésù, wẹ̀ mí mọ́,
Ọwọ́ mi ò dé ibi tó ń yún mi.
Ìwọ tó mọ iye irun orí mi,
Wẹ̀ mí, má fi mí sílẹ̀."

Jẹ́jẹ́ la ojú. "Ìyá ọ̀rẹ́ mi."

"Mo wà níbí, ọmọ mi."

"Ẹ bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ mi… iná yẹn, tiwa ni. Màmá ní kí n má sọ."

Ọwọ́-Òwú dojú bolẹ̀ lórí símẹ́ńtì wọ́ọ̀dù. "Ẹ gbọ́ ohun tó sọ! Ẹ ti gbọ́ ọ!"

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn," ni alágbàfọ̀ wí. "Iṣẹ́ ìdọ̀tí ni mò ń ṣe. Mo rí ìyarun yẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ta ni ì bá gbà mí gbọ́? Mo délé, mo sunkún, mo sì kórìíra yín. Mi ò lè gbàdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹ má rò pé mo dáa. Jésù tó fọ èmi náà ló ní kí n wá jókòó síbí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, bí wọ́n ṣe ń ṣí fèrèsé wọ́ọ̀dù, Jẹ́jẹ́ mí lẹ́ẹ̀kan, kò sì mí mọ́. Aṣọ tí alágbàfọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ni wọ́n fi bò ó. Gbogbo irun orí rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọwọ́-Òwú lọ sí ẹ̀yìnkùlé alágbàfọ̀. Ìkòkò ńlá tó fi ń se aṣọ wà lórí iná, omi ń hó. Ó yọ ìyarun jáde, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ti ọkùnrin tó ń ta àwúre, ti òfin, ti ọdún mẹ́sàn-án.

Ó ní, "Mo rò pé òun ló ń bọ́ mi. Àṣé òun ló máa pa mí lọ́mọ."

"Ìyá Jẹ́jẹ́, ẹ má di gbogbo ẹrù náà ru igi," ni alágbàfọ̀ wí jẹ́jẹ́. "Ẹnu tó parọ́ wà níbẹ̀. Ọwọ́ tó da oògùn wà níbẹ̀."

Ọwọ́-Òwú sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. "Ṣé Ọlọ́run lè fọ irú mi?"

"Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí ni wọ́n ń gbé wá bá mi láràárọ̀. Kò sí èyí tó fọ ara rẹ̀ rí kó tó wá. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ló ń fọ ọkàn, ó sì ti san gbèsè wa. Ẹ wá bí ẹ ṣe rí."

Ọwọ́-Òwú ju ìyarun sínú omi. Nǹkan dúdú yọ́, òwú pupa tú, kòkòrò wẹ́wẹ́ léfòó bí ìyẹ̀fun. Ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn. Ààrá ò sán, ilẹ̀ ò mì. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ọṣẹ, ó ní, "Jésù, irọ́ ni mo fi bo ara mi. Mo ti tú u. Ṣàánú mi." Àlàáfíà tí kò mọ̀ rí wọ inú ẹkún rẹ̀. Ẹkún ò tán, àlàáfíà náà ò sì lọ.

Ní Sátidé, ó dúró síwájú dígí tó sán, ó sọ òótọ́ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀. Aránṣọ dìde, kò padà wá mọ́. Ní Mọ́ńdè, òun àti alágbàfọ̀ mú ọmọ alágbàfọ̀ lọ sí kíláàsì, Ọwọ́-Òwú sì kúnlẹ̀ fún ọmọ náà lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ náà wò ó títí. Ó ní, "Mo ti dárí jì yín, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan irun mi." Ó padà sílé ìwé láti ọjọ́ yẹn. Títí dòní, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ti máa ń kí Ọwọ́-Òwú, kì í wọlé.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tó mú ìwé yìí lọ́wọ́, èwo ni ìyarun tìrẹ? Kí ni nǹkan náà tí o ò jẹ́ kí omi kàn? Ó ń yún ọ, o mọ̀. O ti so gèlè lé e, o sì ń na ìka sí orí ẹlòmíràn.

Ọlọ́run dárí ji Ọwọ́-Òwú pátápátá, mo fi ayọ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ò padà wá. Ká ní Ọjọ́bọ̀ ló ti jẹ́wọ́, tàbí Sátidé, tàbí kí nọ́ọ̀sì tó béèrè lẹ́ẹ̀kejì! Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ fún ọ pé kó di ọ̀la.

Tú gèlè yẹn níbi tí o jókòó sí yìí. Sọ gbogbo rẹ̀ fún Jésù, má fi nǹkan kan pa mọ́. Ọwọ́ rẹ ò dé ibi tó ń yún ọ. Ọwọ́ tirẹ̀ dé ibẹ̀. Omi ti ń hó lórí iná fún ìyarun rẹ. Wá.