Aṣúnpo àti Ẹrù Ìdáná

Nígbà tí epo bẹntiróòlù ti di ìtàn, tí ọkọ̀ ń mu epo koríko, Ọ̀jẹ́wùmí onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ọpọlọ kan sínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó pè é ní Aṣúnpo. Ọpọlọ yìí ń wọn ẹrù, ó ń wo òkè àti ooru, ó sì ń ṣírò bí epo yóò ṣe gbé ọkọ̀ débi tó ń lọ. Bí epo kò bá ní í tó, á gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, á da ẹrù nù. Ọ̀jẹ́wùmí gbà pé òun gbọ́n. A ò lè bá a jà, ó gbọ́n lóòótọ́.

Kíṣí ni wọ́n ń lọ lọ́jọ́ náà, òun, ìyá rẹ̀, àti Àjàdí àbúrò rẹ̀, ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe ìdáná ìyàwó fún. Ọ̀dàn gbígbẹ ló wà láàárín, kò sí ilé epo níbẹ̀. Iṣu, iyọ̀, oyin àti obì kún ẹ̀yìn ọkọ̀ bámúbámú. Ìyá tún ti ki àpò iṣu mìíràn mọ́ ọn láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá ọkọ wo ló fẹ́ kí àna fi òun ṣe yẹ̀yẹ́?

Iná pupa tàn níwájú wọn.

"Ẹrù pọ̀ jù, epo kò ní í tó," Aṣúnpo wí. "Mo fẹ́ da iṣu nù."

"Kí ló mú un wúwo tó báyìí?" Ọ̀jẹ́wùmí bèèrè. Ìyá yáa kọjú sí fèrèsé.

"Ìyẹn kọ́ ló kàn," ó wí. "A kì í sọ ẹrù ìdáná kalẹ̀ títí a ó fi dé ilé àna. Ṣé o fẹ́ kí ìyàwó àbúrò rẹ má jókòó nílé ọkọ ni?"

"Màámi, ẹ̀mí wa ńkọ́? A lè ra iṣu mìíràn lọ́hùn-ún."

"Ká ra iṣu lọ́jà wọn, ká fi fẹ́ ọmọ wọn? Ojú ò tì ọ́! Sọ fún ẹ̀rọ rẹ kó má fọwọ́ kàn án."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí Màámi ṣe wí," Àjàdí bẹ̀bẹ̀.

Ọ̀jẹ́wùmí gbà. Ó fi èdìdì di ẹrù náà: ohun tó bá ti gba èdìdì, Aṣúnpo gbọ́dọ̀ gbé e dé ilé àna dandan. Kò ronú kan èèyàn. Ta ni í ka ìyá rẹ̀ mọ́ ẹrù?

Ní ìsàlẹ̀ òkè kan, ọkọ̀ dúró.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, kí n lè gùn ún," Aṣúnpo wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ gun òkè náà wẹ́rẹ́, ó dé orí rẹ̀, kò dúró.

"Aṣúnpo, dúró!" Ọ̀jẹ́wùmí sáré títí ó fi ṣubú. Gbogbo omi wọn wà nínú ọkọ̀ náà. Aṣúnpo ti ṣírò pé láìsí èèyàn, epo tó.

"Pè é padà," Ìyá wí.

"Kò lè padà, Màámi. Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀." Ẹ̀rù bà á débi pé ó bú sẹ́kún lójú àbúrò rẹ̀. Wọ́n pọn ìyá wọn, wọ́n ń gbà á fún ara wọn nínú oòrùn tó ń kan àtàrí.

Ní Kíṣí, àwọn àna ń jó lọ pàdé ọkọ̀.

"Ẹrù pé," Aṣúnpo kéde. "Epo sì ṣẹ́ kù."

Bàbá ìyàwó ṣí ilẹ̀kùn iwájú láti kí àlejò rẹ̀. Kò rí ẹnì kankan. Ó figbe ta, ó gbé omi, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ fi alùpùpù tọ ojú ọ̀nà náà lọ.

Wọ́n bá wọn lábẹ́ igi kan. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì ṣì na agbádá bo orí ìyá wọn kí oòrùn má bàa pa á. Bàbá ìyàwó wo ojú ìyá náà, ó sì yí ojú kúrò. Ó gbé ife omi lé Àjàdí lọ́wọ́.

"Ẹ kọ́kọ́ fún Màámi," Àjàdí wí.

Bàbá ìyàwó rọra fa agbádá náà bo ojú ìyá wọn.